Máásà Mẹ́ta

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá rélùwéè ṣiṣẹ́ ní Kàdúná,
iṣẹ́ kí n kọ àkókò tí ọkọ̀ wọlé, àkókò tó jáde.
N kò mọ̀ pé irin ṣì ní ọ̀rọ̀ í bá mi sọ
lẹ́yìn tí wọ́n fún mi ní aago ògiri, tí wọ́n ní kí n lọ sinmi.

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Dókítà wo ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo egungun mi nínú fọ́tò,
ó ní, "Bàbá, ẹ máa fi ọwọ́ gbé ohun tó wúwo,
kí ẹ dín ohun tí ẹ̀ ń fi ẹnu gbé kù."

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Bilyáminù nìyẹn, ní Kàkúrì,
ọmọ wẹ́dà tó sọ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ di ilé ìgbérin:
páànù lókè, yanrìn nílẹ̀, wíìlì àtijọ́ tí wọ́n jó mọ́ ọ̀pá,
àwọn ọ̀dọ́ tí àyà wọn le bí àpótí.
Èmi ni mo dàgbà jù. Ẹni tó tẹ̀ lé mi, àbíkẹ́yìn mi jù ú lọ.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo le ju bó ṣe yẹ lọ.
Mo lé tùwó jáde nílé bí ẹni lé olè,
mo di súyà ní kùnrùngbùn,
kábééjì láàárọ̀, kùkúńbà lálẹ́.
Múlíkátù ìyàwó mi wo abọ́, ó wò mí:
"Olówó orí mi, ṣé ọkùnrin ni mo fẹ́ ni, àbí òbúkọ?"
Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òòyì kọ́ mi lábẹ́ ogójì kìlò.
Bilyáminù gba irin lọ́wọ́ mi
bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó ń tòògbé.

Ó jókòó tì mí lórí táyà.
"Bàbá, kò sóúnjẹ tó jẹ́ ọ̀tá yín.
Iye rẹ̀ lẹ ò mọ̀."

Iye! Èmi tí mo ń ka wágónù lójú oorun!

Mo bá fa ilà sínú ìwé gbọọrọ kan bíi ti ibùdókọ̀.
Nígbà kan, ọkọ̀ kan kì í wọlé kí n má kọ ọ́;
báyìí, òkèlè kan kì í wọ ọ̀fun kí n má kọ ọ́.
Ẹyin mẹ́ta. Ẹ̀wà, ife kan. Sógálè pẹ̀lú kúlíkúlí.
Fúrà láìsí ṣúgà, ó sì dùn mí bí egbò.
Tùwó padà wálé, ìkúùkù kan péré,
òun náà ti wá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.
Bí súyà Dánládì bá máa ṣàlejò mi lálẹ́,
mo ti sún ìrẹsì ọ̀sán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní
kí àlejò lè ríbi jókòó.

Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá mú, tí orúnkún ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo,
mo yọ ogún kìlò, ojú ò tì mí.
Lọ́jọ́ tí ara bá yá, mo dá a padà, mo fi méjì àbọ̀ lé e.
Ọdún mẹ́ta, méjì àbọ̀, méjì àbọ̀,
mo ti ń gbé àádọ́rùn-ún kúrò nílẹ̀,
èmi tí mo máa ń di ògiri mú kí n tó lè dìde níbi ìrun.

Lánàá, Jímọ̀ ni. Hàjíyà Lámí òdìkejì fi máásà ránṣẹ́,
mẹ́rin, etí wọn pọ́n, oyin ń kán lára wọn.
Àyè méjì ni mo ti fi sílẹ̀.
Mo kọ méjì sínú ìwé.
Mẹ́ta ni mo jẹ.

Òní, mo dúró síwájú irin. Irin ò bi mí ní nǹkan kan.
Òun nìkan ni mo mọ̀ tí kì í gba irọ́, tí kì í sì í bínú.
Mo fa pẹ́ńsù létí, mo pa méjì rẹ́, mo kọ mẹ́ta,
mo kọ oyin náà,
mo bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, itan mi ń gbọ̀n.
"Bàbá, ó ku ẹyọ kan," ni Bilyáminù wí,
n kò sì mọ̀ bóyá irin ló ń sọ
tàbí ti inú kúlà tí mo gbé wá fún un.